Jẹ́sì Tí Mo Gbé Kọ́ Ẹnu Ọ̀nà

“Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì! Ẹ gbọ́ o, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ fẹ́ kó gbogbo owó ẹgbẹ́ wa fún!”

Nọ́ọ̀sì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi lọ́sàn-án Sátidé. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò tíì délé, ó ní òun kàn fẹ́ kí ìyá mi ni. Wákàtí kan ti lọ lórí kíkí náà.

“Ẹ rọra, kí ẹ̀jẹ̀ yín má baà ru,” Mẹkáníìkì dá a lóhùn, òun tí gíríìsì kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ mọ abẹ́rẹ́, àwa la mọ bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀-Wúrà kì í ṣe ẹni tí à ń ka ọjọ́ orí fún. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ti parí. Kò sí ẹgbẹ́ tí a máa sanwó fún ká tó mú un. Ọ̀fẹ́ ni!”

“Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Owó oṣù tó ń bèèrè ńkọ́? Ta ni yóò máa san ìyẹn? Ìwọ?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Kóòṣì, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́. Ó ṣí ìwé tó máa ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sí, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe.

“Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,” ó ní. “Góòlù mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n gbá wọlé wa ní sáà tó kọjá. Mọ́kànléláàádọ́ta! Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò kì í lọ ra àga tuntun. Ẹ jẹ́ ká wá aṣọ́lé tó máa mú bọ́ọ̀lù ná. Ká wá àwọn tó máa dúró lẹ́yìn. Tó bá di ìgbà yẹn, ká wá máa sọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀-Wúrà.”

Díẹ̀ ló kù kí ẹgbẹ́ ìlú wa já sí ìpele kejì ní sáà náà. Ọlọ́run ló yọ wá lọ́jọ́ ìkẹyìn. Alága ẹgbẹ́ wá dá agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá sílẹ̀, ó sì búra pé òun máa tún ẹgbẹ́ náà tò kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni wọ́n máa mú? Ta ni wọ́n máa fi sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìlú ń jẹ, òun ni wọ́n ń mu. Ṣọ́ọ̀bù wa sì ni ilé ẹjọ́ wọn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìyá mi ń rán jẹ́sì, ó sì ní ẹ̀rọ gbígbóná tó fi ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn wọn. Tí ẹgbẹ́ bá mú agbábọ́ọ̀lù tuntun, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni Akọ̀wé ẹgbẹ́ máa kọ́kọ́ mú orúkọ rẹ̀ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kéde, ìyá mi á gbé jẹ́sì onítọ̀hún kọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ìlú kì í dúró de ìkéde mìíràn. Rédíò lè ṣì sọ, ìwé ìròyìn lè purọ́, ẹnu ọ̀nà ìyá mi kì í purọ́.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Rẹfirí. Àwọn oníbàárà ló fún mi lórúkọ náà, torí pé tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ẹni tó gbá góòlù wọlé lọ́dún báyìí, èmi ni wọ́n máa ń bi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, n kì í gbàgbé nǹkan, ẹnu mi sì mú. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ kó má bi mí.

Nígbà tí Kóòṣì dárúkọ aṣọ́lé, mo fi aṣọ tí mò ń ká sílẹ̀. Mo ní, “Ògiri ńkọ́?”

Gbogbo wọn wo ìyá mi tó tẹrí ba sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ògiri ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òun nìkan ni mo ní. Nígbà tí bàbá wa kú, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, òun jẹ́ mọ́kànlá. Òun ló ń lọ aṣọ ilé ìwé mi. Òun ló ń di okùn bàtà mi. Ọjọ́ tí ẹnì kan gbá mi létí lójú pópó, òun ló lọ bá bàbá onítọ̀hún nílé, kékeré rẹ̀ yẹn. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹgbẹ́ kan tó jìn sí wa ní kó wá máa ṣọ́ ilé fún àwọn. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni mọ́tò fi ń rìn débẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti wálé.

Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí mo bá gbọ́ ikọ́ ọkùnrin kan lójú ọ̀nà tó jọ tirẹ̀, mo máa ń sáré yọjú, èmi ọmọ tó gbọ́n! Yàrá rẹ̀ ni mò ń sùn, bẹ́ẹ̀ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bàtà rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn, ìyá mi á fẹ́ pè mí, orúkọ rẹ̀ ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwa méjèèjì á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

“Ògiri dáa,” Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Àmọ́ alága ò ní rántí rẹ̀. Ẹni tí ariwo ò bá tẹ̀ lé lẹ́yìn, alága kì í rí i. Tí gbogbo ìlú bá ń pariwo orúkọ rẹ̀, wàá rí i, alága fúnra rẹ̀ ló máa lọ gbé e wá.”

“Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀ o,” ìyá mi ní, láìgbójú sókè. “Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀-Wúrà. Ọ̀rọ̀ tí Mẹkáníìkì sọ kò kúrò létí mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Àdéhùn rẹ̀ tí a mọ̀ pé ó ń parí lọ ti parí, wọn kò tún un ṣe. Ẹgbẹ́ kékeré kan ti rí i, wọ́n fẹ́ fún un ní ọdún méjì gbáko. Ọjọ́ Ẹtì ni kó wá fọwọ́ sí ìwé.

“Níbo nìyẹn?” mo bi í.

“Ó jìn ju ibi tí mo wà yìí lọ.”

“Ẹgbẹ́ ilé ńkọ́?”

“Wọn ò pè mí, Àbúrò.”

“Tí wọ́n bá pè yín ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú. “Ẹsẹ̀ ni n bá fi rìn wá.”

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Má wo ẹ̀yìn, ọkọ mi. Iṣẹ́ ọdún méjì kì í ṣe kékeré. Lọ fọwọ́ sí i, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ.” Nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri ilé. Lẹ́yìn náà ló kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi yanjú.

Mo dùbúlẹ̀, mo ń ṣírò. Ọdún mẹ́fà, ọdún méjì, ó di mẹ́jọ. Tó bá fi máa padà wá, mo ti jáde ilé ìwé. Ó ti mọ̀ mí mọ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ṣì ń bi mí lórí fóònù bóyá mò ń bẹ̀rù òkùnkùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá mi lọ ra òwú, ó fi mí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọlidé la wà. Mo gbálẹ̀, mo ká aṣọ, mo wo ẹ̀rọ gbígbóná náà. Mo tún wo ibòmíràn. Mo tún padà wò ó.

Ohun tí mo rò nìyí, mi ò ní fi pamọ́. Mo rò pé tí jẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi bá wà lẹ́nu ọ̀nà, inú ìlú á dùn. Ariwo á sọ. Alága á gbọ́, ojú á tì í láti sọ pé irọ́ ni, á sì pe ẹ̀gbọ́n mi kí ọjọ́ Ẹtì tó mọ́. Ta ni mo máa pa lára? Mo mú jẹ́sì aṣọ́lé kan, mo gé lẹ́tà, mo to nọ́ńbà kan sí abẹ́ rẹ̀, mo fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo bó bébà rẹ̀ kúrò, orúkọ náà ń dán: ÒGIRI. Mo gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ rí i láti ìsọ̀ rẹ̀ ní òdìkejì títì. Ó ju ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sáré sọdá, mọ́tò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. “Ògiri! Wọ́n ti mú Ògiri!” Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó wà lórí fóònù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dé, ó dì mọ́ mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ní kí n tẹ tiwọn fún wọn.

“Rẹfirí,” Kóòṣì ní, ó ń nu awò ojú rẹ̀, “ìgbà wo ni Akọ̀wé mú orúkọ wá?”

“Kóòṣì, ṣé ẹ ò fojú ara yín rí i ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu mi kò purọ́, bí mo ṣe ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ọwọ́ mi ló purọ́, ẹnu mi kàn gbè é lẹ́yìn ni. Ẹ wá gbọ́ ohun tó burú jù: láàárín wákàtí yẹn, èmi náà gbà á gbọ́. Mo ti ń rò ó pé màá kó ẹrù mi kúrò ní yàrá rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ìgbà náà ni ìyá mi dé. Àwọn ènìyàn ti kí i kú oríire láti ọ̀nà wá. Ó ń sáré, ìyá mi tí kì í sáré. Gèlè rẹ̀ ti tú, báàgì òwú ń gbá a lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀ débi pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó fa mí wọ inú ṣọ́ọ̀bù.

“Akọ̀wé wá? Òótọ́ ni? Ọmọ mi ń bọ̀ wálé?”

Mo gba báàgì òwú lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá,” mo ní, “Akọ̀wé ò wá.”

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó fọwọ́ kàn án, ó ṣì gbóná. Mo rí i bí ẹ̀rín náà ṣe kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó ní, “Háà. Ìwọ ọmọ yìí. Háà.”

Kò tíì dìde nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ já wọlé, òógùn bò ó. Ó ní fóònù alága kò sinmi láti ìgbà tí fọ́tò náà ti jáde. Lánàá ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Ẹsẹ̀-Wúrà. Owó oṣù tirẹ̀ nìkan ti gbé ohun tí wọ́n ní lọ, kò ku nǹkan tí wọ́n lè fi mú aṣọ́lé kankan lọ́dún yìí.

“Ìyá Ògiri, a fọkàn tán yín,” ó ní. “Ẹ má bínú, láti òní lọ, ṣọ́ọ̀bù mìíràn la ó máa mú orúkọ lọ.”

Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Nítorí tèmi ni ìyá mi fi kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tí kò dàgbà tó o. N ò lè gbàgbé rẹ̀.

Fóònù dún lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kékeré náà ti rí fọ́tò. Ó ṣàlàyé fún wọn, wọn kò gbà. Wọ́n ní ta ni yóò rí jẹ́sì ẹni lẹ́nu ọ̀nà ìyá ẹni, tí yóò ní irọ́ ni? Wọ́n ní ó ń fi àwọn dúnàádúrà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn, kí owó rẹ̀ lè lọ sókè. Aṣọ́lé kan ti wà nílẹ̀ tó ń retí àyè. Òun ni wọ́n ti fún ní ìwé.

“Màmá, ta ló gbé e kọ́?” ó bèèrè.

Ìyá mi wò mí. “Àṣìṣe ṣọ́ọ̀bù ni,” ó ní. “Èmi ni kó o bá wí.”

Mi ò lè gbé ìyẹn mì. Mo gba fóònù náà. “Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

“Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá sílé ni.”

Ohùn rẹ̀ yí padà. “Àbúrò, o ò bá ti sọ fún mi,” ó ní. “Ǹjẹ́ o sọ ọ́ fún mi rí?”

Mo ronú sẹ́yìn títí. Láti ọdún mẹ́fà, mo ti bi í ní àmì ayò, mo ti bi í ní oúnjẹ tó jẹ, mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò sọ fún un rí pé àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ní Sátidé, mo dúró níwájú gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo jẹ́wọ́. Mẹkáníìkì kò lè wo ojú mi. Nọ́ọ̀sì ní, “O jẹ́ kí n sunkún ayọ̀ lórí irọ́,” ó sì gba ilé lọ. Kóòṣì wá orúkọ náà nínú ìwé rẹ̀, ó fi ìlà gbọ́nrangandan pa á rẹ́.

“Rẹfirí,” ó ní, “rẹfirí kì í gbá bọ́ọ̀lù.”

Láti ọjọ́ yẹn, tí iyàn bá dé, wọn kì í bi mí mọ́. Màá mọ ìdáhùn, màá sì dákẹ́. Ẹni tó bá ti fi ẹnu ọ̀nà purọ́, ta ni yóò tún gba ẹnu rẹ̀ gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, torí pé kò ríbi lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà yẹn. Ó ga ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ, ó sì rù. Kò bá mi jà. Ó ń bá ìyá wa gbé ẹrù, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín tí a bá rẹ́rìn-ín. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń jiyàn á rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Ọjọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Ẹsẹ̀-Wúrà gbá méjì wọlé, wọ́n gbá mẹ́rin wọlé tiwa. Ìta ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí tó ń gbọ́ rédíò. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sí ilé wa, mo ń rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń ta lórí orúnkún rẹ̀. Mo wọlé lọ sunkún. Ó wà nílé, ó sì jìnnà sí mi ju ìgbà tó wà lọ́nà jíjìn lọ.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan ní ìpele kẹta ní kó wá kí àwọn wò ó. Wọn kò ṣèlérí nǹkan kan. Mo bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, àárò yín máa sọ mí,” mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ nìyẹn.

“Mo mọ̀. Tí wọn ò bá gbà mí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó padà dé.”

“Ẹ má padà wá.” “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá.”

Ó yé e. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó wọ mọ́tò.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tó jẹ ìyà rẹ̀. Irọ́ tí a fi ìfẹ́ pa, irọ́ náà ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Tí àárò ẹnì kan bá ń sọ yín, ẹ la ẹnu yín kẹ́ ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ ọn nítorí pé ẹ fẹ́ kó bá yín jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì padà dé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, mo sì ń dúpẹ́.